Okùn Lọ́wọ́ Ọkọ, Apẹ̀rẹ̀ Lọ́wọ́ Ìyàwó

Ẹ ti jẹ akàn tán, ẹ ń lá ìka, ẹ sì ń sọ pé ó dùn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n akàn tó ti sùn nínú yìnyín láti ọjọ́ tí Ọlọ́run nìkan mọ̀, tí wọ́n wá dì sínú ọ̀rá bí ẹni di búrẹ́dì, ṣé ìyẹn náà ni ẹ ń pè ní akàn? N kò bá yín jà. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ da ojú fóònù yẹn dé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, inú ọ̀sà ló ti jáde, ọ̀sà náà sì wà níbẹ̀ títí dòní tí yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí mi.

Ajídò ni mo ń wí, ìlú ìyá yín àgbà. Ẹ mọ ibẹ̀, ẹ ti bá wa lọ, ẹ sì ń ráhùn pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ Ajídò, ohun tí ẹ̀ bá kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ni ìró àjẹ̀ lára ọkọ̀, kò, kò, kò, lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn obìnrin tó ń fẹ́ná nídìí ẹja yíyan. Èéfín á bo etí omi débi pé ẹ ó máa gbọ́ èèyàn kí ẹ tó rí i. Wọ́n á máa kí ara wọn lédè Ègùn láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì, kíkí náà á sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ méjèèjì á fi kọjá ara wọn jìnnà, tí wọn kò ní tíì béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ tán.

Ìgbà owó epo ni. Nígbà tí ẹ̀yin dáyé, owó epo ti di ìtàn. Wọ́n ń la títì ńlá láti Èkó kọjá Àgbádárìgì lọ sí Sèmè, ọkọ̀ akóyanrìn sì ń ké lọ ké bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lánàá ti dé fìlà kọ́ńpìnnì lónìí, kò sì fẹ́ kí ẹ pe òun ní ọmọ apẹja mọ́. Ẹja yìnyín dé, àwọn èèyàn ń fi ìgbéraga rà á, wọ́n ní ẹja ọ̀sà ni ti tálákà. Gbogbo ayé ń sáré, èmi náà ń sáré. Ọmọ oníṣòwò ni mí nínú ìlú Àgbádárìgì, ọmọ Mùsùlùmí. Ìyá mi ń ta aṣọ, èmi sì pàtẹ rédíò àti bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Gbájì. Mo ní alùpùpù. Mo ní bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bàtà gíga ni ayé ń wọ̀ nígbà náà, tọkùnrin tobìnrin.

Nídìí bátìrì yẹn ni mo ti rí ìyá yín àgbà, Sẹ̀nàmi. Bàbá rẹ̀ ló rán an wá ra bátìrì. Mo kó o fún un, kò gbà á, ó ní kí n kọ́kọ́ fi sínú rédíò tèmi kí òun gbọ́ bóyá ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí oníbàárà tó dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ mi rí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti sí nínú ọjà mọ́. Ó tún wá, ó tún wá, ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, títí ó fi sọ fún mi pé bí mo bá ní ohun kan láti sọ, kí n lọ sọ ọ́ fún bàbá òun nínú ọkọ̀ wọn. Mo rò pé àṣà ìsọ̀rọ̀ wọn ni. N kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ gan-an ló ń wí.

Okùn akàn ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé àwọ̀n tàbí ìgèrè nìkan ni wọ́n fi ń mú akàn. Okùn akàn kò ní ìwọ̀ kankan. Okùn ìko lásán ni, òkúta kékeré kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí ẹja tó ti ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ẹ ó jù ú sómi létí igi ẹ̀gbà tó ń ta gbòǹgbò sínú omi, ẹ ó wé ìparí okùn mọ́ ìka, ẹ ó sì dákẹ́. Akàn á wá, á fi ọwọ́ rẹ̀ di ìjẹ mú. Ẹ kò ní rí i. Ìka yín nìkan ni yóò mọ̀, bí ìgbà tí ọmọ jòjòló bá fa etí aṣọ yín. Nígbà náà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, dẹ̀dẹ̀, dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lédè Ègùn. Akàn kò ní fẹ́ fi oúnjẹ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbá a mú títí dé ojú omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa okùn lójijì, á ṣí ọwọ́, ó di gbére. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Gbogbo èèyàn ló ń pa òwe yẹn, àwọn ará Ajídò ni mo rí tí wọ́n ń fi í jẹun.

Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan ń fa okùn, èkejì di apẹ̀rẹ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá mú. Bó bá kù díẹ̀ kí akàn yọjú, apẹ̀rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ bá yá jù, akàn á sá. Bó bá pẹ́ jù, akàn ti rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, á sì ṣí ọwọ́. Tọkọtaya ló sábà ń jọ ṣe é. Mo ti rí arúgbó méjì nínú ọkọ̀ kan tí wọn kò sọ gbólóhùn kan síra wọn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, tí apẹ̀rẹ̀ ńlá wọn sì kún. Ẹ wá wo àwọn òbí yín tí wọ́n ń fi fóònù pe ara wọn nínú ilé kan náà.

Nítorí èyí, bí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ nínú ìdílé wọn, wọn kì í kọ́kọ́ bi í léèrè ilé tàbí iṣẹ́. Wọ́n á fi í sínú ọkọ̀, wọ́n á fi okùn lé e lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà á di apẹ̀rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá mú akàn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ìdáná bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí òjò ńlá bá sì dé kí wọ́n tó rí kan mú, ọ̀rọ̀ tán, nítorí omi òjò a máa lé akàn kúrò nínú ọ̀sà lọ sókun, wọ́n á sì ká okùn sórí àjà.

N kò mọ ìkankan nínú èyí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Mo múra bí ẹni tó ń lọ sílé àna. Agbádá léèsì, fìlà, bàtà gíga. Mo sì fi lọ́fínńdà tí ìyá mi ń tọ́jú fún ọjọ́ Jímọ̀ pa ọrùn, mo fi pa irùngbọ̀n, mo fi pa ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Sẹ̀nàmi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀, wọ́n sì ní kí n so ìjẹ fúnra mi. Ọwọ́ tó ń ta sánsán yẹn ni mo fi so orí ẹja mọ́ okùn. Àwọn ọkọ̀ tó kù ń mú akàn lọ́tùn-ún lósì, mo ń gbọ́ bí akàn wọn ti ń ha inú apẹ̀rẹ̀. Okùn tèmi kò mira. Omi ti wọ bàtà mi. Nígbà tó yá, bàbá náà fa orí ẹja mi sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e fún àbúrò wọn obìnrin tó jókòó sí ìdí ọkọ̀, òun náà gbóòórùn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi Ègùn jíròrò lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn akàn Ajídò kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kírun Jímọ̀. Sẹ̀nàmi rẹ́rìn-ín títí ó fi apẹ̀rẹ̀ bojú.

Wọn kò lé mi, ohun tí mo fi ń yìn wọ́n títí dòní nìyẹn. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ mí di orin lẹ́nu ọmọdé, kó sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá ní ẹ̀ẹ̀rùn ṣì pọ̀ níwájú, kí n máa bọ̀. Mo bá ń bọ̀. Mo wọ ṣòkòtò gbígbó, mo fi ọṣẹ olóòórùn sílẹ̀, mo ń ti ìsọ̀ mi ní Gbájì láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní akàn ti sà sí mi. Ìyá mi ní òun kò rí i rí kí oníṣòwò máa fi ojúmọ́ tó mọ́ kedere wo omi. Ẹ̀yin wò ó, èmi tí mo máa ń yí rédíò láti ibi kan sí òmíràn kí orin kan tó parí, mo kọ́ láti jókòó. Mo kọ́ bí omi ṣe ń lu ikùn ọkọ̀ nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde, ìró méjèèjì kò dọ́gba. Lọ́jọ́ kan akàn kan di àtàńpàkò mi mú, mo fẹ́ máa jà, bàbá ní kí n má fà á, kí n ti ọwọ́ bọ omi, yóò fi mí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀. Ogun tí mo ti fi ìmọ̀ràn yẹn bọ́ nínú rẹ̀ lọ́jà kò níye.

Nígbà ọdún Zàngbétò, eégún aṣọ́de wọn, gbogbo okùn kúrò lómi. Wọ́n gbé ìkòkò akàn kaná, ata, epo, ewé efinrin, wọ́n sì fi ẹ̀kọ tì í. Àgbà ń fọ́ ọwọ́ akàn fún ọmọdé, ọmọdé ń fọ́ ọ fún àgbà tí kò léyín mọ́. Kò sí ẹni tó ń yára. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹun tán, ojú sì tì mí.

Àárín àwọn ọjọ́ yẹn ni àbúrò bàbá náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tàǹtí ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ó ti gbé Kútọnù pẹ́. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé ẹnìkan ti wá ṣáájú mi. Òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì títì kan ni, ọmọ etí omi, ó mọ okùn fà ju àwọn mìíràn lọ. Ó fa akàn dé ojú omi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni apẹ̀rẹ̀ Sẹ̀nàmi ń pẹ́. Òjò dé, ọkùnrin náà lọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí kò sí ẹni tí akàn kì í bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Mo ní, "Tàǹtí, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Okùn lọ́wọ́ ọkọ, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó. Ọmọ wa kì í la ẹnu sọ pé òun kò fẹ́ èèyàn. Akàn ló máa ń bọ́."

Ẹ wo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin sọ ti inú rẹ̀, bàbá gbọ́, ojú kò ti àlejò, ìjà kò sí. Lónìí ẹ ń fi fídíò kọ ara yín sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà n kò rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo ẹ̀rù mi tẹ́lẹ̀, ti akàn ni. Wàyí o, bí akàn bá wá ńkọ́, tí apẹ̀rẹ̀ kò wá? N kò tíì fa ọ̀kankan dé ojú omi rí, nítorí náà n kò tíì mọ ohun tó wà nínú Sẹ̀nàmi. Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mójú tó okùn mi. Oorun dá lójú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò lè ṣe ìṣirò ọjà mọ́.

Akàn ń wá o, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni kò jẹ́. Bó bá ti di mú báyìí, tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi á gbọ̀n, á sì lọ kó tó dé ìdajì. Bàbá á kàn sọ pé dẹ̀dẹ̀. Báyìí ni ẹ̀ẹ̀rùn ń tán lọ. Ooru mú, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn igbó àgbọn, àwọn àgbà sì ń wo ojú ọ̀run.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìkùukùu dúdú ti gbéra láti ìhà òkun láàárọ̀. Bàbá ní a ó ju okùn ná, pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó ká okùn. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Sẹ̀nàmi gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó fi aṣọ ìlékè rẹ̀ bò ó, kò sì jẹ́ kí Tàǹtí bá òun mú un. Kò wojú mi. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí, pé bí mo bá tilẹ̀ mú erin lórí okùn yẹn, apẹ̀rẹ̀ kò ní jáde.

Atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ nígbà tí ìka mi mọ̀ ọ́n. Mo fà á. Dẹ̀dẹ̀. Ó ń bọ̀. Tàǹtí di ẹnu rẹ̀ mú. Mo fà á títí mo fi rí i lábẹ́ omi, akàn ńlá, akọ, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí aró, ó gbá orí ẹja mọ́ra. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ayọ̀ ló pa mí. Ọwọ́ mi gbọ̀n, okùn ta sókè, mo sì rí i tí akàn náà ṣí ọwọ́.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni Sẹ̀nàmi bẹ́ sómi. Kò na apẹ̀rẹ̀, òun àti apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n jọ wọlé, ọkọ̀ sì fì débi pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Ó pẹ́ kó tó yọ. Nígbà tó dìde, omi dé àyà rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti lọ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sókè ní ọwọ́ méjèèjì, akàn sì ń mira nínú rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí gbogbo wa.

Bàbá gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú akàn náà, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n wo ikùn rẹ̀, wọ́n já nǹkan kan kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí mo pè ní koríko omi. Wọ́n wo ọmọ wọn. Ọmọ náà wò wọ́n padà, kò gbé ojú sílẹ̀. Bàbá bá ju akàn sínú ọ̀sà. Mo kígbe, nítorí mo ti ń rò ó pé màá gbé e lọ han ìyá mi.

"Akàn ìdáná kì í wọ ìkòkò," ni bàbá wí. "Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀."

Bí mo ṣe fẹ́ ìyá yín àgbà nìyẹn. Ààfáà so yìgì fún wa ní Àgbádárìgì, a sì ṣe ti Ajídò ní Ajídò. Ọdún ń gorí ọdún. Owó epo gbẹ, kọ́ńpìnnì títì kó ẹrù wọn lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbàgbé okùn kò sì lè rántí rẹ̀ mọ́. Ewé olódòdó tó ń léfòó lórí omi yẹn, tí kò ní ilé tí kò ní oko, wá bo ojú ọ̀sà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń fa yanrìn gbé ẹ̀rọ dé, igi ẹ̀gbà ń wó, omi ń dàrú. Ta ni yóò fi ìka gbọ́ akàn lábẹ́ ariwo ẹ̀ńjìnnì? Mo rò ó, ó sì dùn mí, nítorí èèyàn tó mọ okùn yẹn fà kò ṣeé rà lọ́jà.

Nígbà tí àna mi, bàbá Sẹ̀nàmi, kú, wọ́n ti gbó, wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí èmi àna sọ̀rọ̀. Mo yìn wọ́n, mo yin sùúrù wọn, mo sì sọ nípa àṣà rere tí wọ́n fi kọ́ mi, pé akàn ìdáná kì í wọ ìkòkò, pé títí dòní mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn àgbà Ajídò wo ara wọn. Ọ̀kan ní òun kò gbọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Òmíràn ní akàn ìdáná ti òun, òun jẹ tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo lọ bá ìyá yín àgbà níbi tó jókòó sí pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára. Mo bi í pé kí ló dé tí bàbá fi ju akàn wa nù. Ọjọ́ náà ló tó sọ ọ́ fún mi. Ó ní akàn tí mo fà lọ́jọ́ náà, akọ ni, ó sì ti lọ kí òun tó bẹ́ sómi. Èyí tó jáde nínú apẹ̀rẹ̀, abo ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni òun ti mú un nínú agbada omi tí wọ́n ń kó akàn sí nílé wọn, òun fi ìko so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, òun sì fi aṣọ bò ó. Ìko yẹn ni bàbá já kúrò. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì jù ú nù kí ẹlòmíràn tó rí i, wọn kò sì bi òun léèrè títí wọ́n fi kú.

Mo ní, "Sẹ̀nàmi, kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi òun. "Ṣé ẹ rò pé mo lè gbé gbogbo ayé mi lé ọwọ́ kan tó ń gbọ̀n?"

Mo bọ́ síta, inú mi sì dùn débi pé mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn tó wá kí wa. Wọ́n dì mí mú, wọ́n ní kí n ṣe ọkàn gírí, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ẹ ò rí bí ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ràn àna rẹ̀ tó.